Mauritius, Dominican Republic tàbí Barbados: ibo ni kí ẹ ti lọ gbá gọ́ọ̀fù létí òkun?

Àwòrán ló tàn mí lọ́jọ́ kìíní. Àsíá pupa kan wà lórí koríko tó dán bíi kápẹ́ẹ̀tì, òkun aláwọ̀ aró sì tẹ́ lọ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀. Mo sanwó yàrá ọjọ́ méje lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí a débẹ̀ ni a tó mọ̀ pé òtẹ́ẹ̀lì nìkan ló wà létí òkun. Pápá gọ́ọ̀fù fúnra rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún, ogójì ìṣẹ́jú nínú mọ́tò, láàárín oko ìrèké. Nínú ihò 18, ibi ihò kan ṣoṣo ni a ti rí omi, òun gan-an ló sì wà nínú àwòrán yẹn. Ọkọ mi kì í gbá gọ́ọ̀fù, kò sì fojú kàn mí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó ní, "Ìyá Tolú, ṣé ìsinmi tèmi náà la wá ṣe níbí?" Mi ò rí èsì kankan fún un.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni nínú kílọ́ọ̀bù wa bá ní òun fẹ́ lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀, ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi í kó tó dárúkọ òtẹ́ẹ̀lì fún mi. Oṣù wo lẹ máa ráyè? Ta lẹ sì ń mú dání? Ìdáhùn méjèèjì yìí ló ń yan ibi tó yẹ kí ènìyàn lọ, àní ju iye owó lọ.

Ibi mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wé ara wọn: Mauritius tó wà nínú Òkun Íńdíà, Dominican Republic tó wà ní Karibíánì, àti Barbados tí òun náà wà níbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ jù, nítorí àwọn ni ojú pápá ti kan omi ní tòótọ́. Ti Barbados ò ní gùn.

Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà

Ìgbà tó dára ní Mauritius ni ìgbà tí kò dára ní Karibíánì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí tí ẹ bá yí i padà. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀.

Dominican Republic wà lójú ọ̀nà àwọn ìjì ńlá tí wọ́n ń pè ní hurricane. Ìgbà wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ó sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń le jù. Kì í ṣe pé ojoojúmọ́ ni ìjì ń jà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ ní oṣù Kẹsàn-án tí oòrùn ràn fún wọn láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn, tí wọ́n sì sanwó pọ́ọ́kú. Àmọ́ tí ìjì bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tiyín, wọn á ti pápá ọkọ̀ òfuurufú pa, ẹ ó sì jókòó sínú yàrá. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹrin, òjò kì í pọ̀, ooru kì í mú ènìyàn lómi, afẹ́fẹ́ sì máa ń fẹ́ dáadáa. Ìgbà yẹn náà ni gbogbo ará Amẹ́ríkà àti Kánádà ń sá fún òtútù wá síbẹ̀, nítorí náà owó yàrá máa ń gbówó lórí.

Ní Mauritius, ìjì tiwọn ni cyclone, láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin ni ó sì máa ń wáyé. Gúúsù ìlà tó pín ayé sí méjì ni erékùṣù náà wà, nítorí náà oṣù Kejìlá àti Kìíní ni ooru wọn, oṣù Keje àti Kẹjọ sì ni ìgbà òtútù. Òtútù yìí kò ju pé kí ẹ wọ súwẹ́tà fẹ́lẹ́ lálẹ́. Ẹni tó ti ń gbá gọ́ọ̀fù ní Èkó, tí aṣọ ń lẹ̀ mọ́ ọn lára kó tó dé ihò kẹta, á mọ iyì rẹ̀.

Nítorí náà, tí ìsinmi yín bá bọ́ sí ìgbà họlidé ọmọ iléèwé, ìyẹn oṣù Keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ẹ lọ sí Mauritius. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn Kérésì títí di ìgbà Àjíǹde ni ẹ ráyè, Dominican Republic ni. Mi ò ní fọ̀rọ̀ gún ẹnikẹ́ni tó bá yàn láti lọ sí Mauritius ní oṣù Kìíní, àmọ́ kó mọ ohun tó ń ṣe.

Nǹkan kan ṣì wà nípa Mauritius tí ìwé ìpolówó kì í sọ. Afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù ìlà oòrùn fẹ́ wá máa ń lágbára ní oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án, ìhà ìlà oòrùn erékùṣù náà ló sì ń kọ́kọ́ kọlù. Ìhà yẹn gan-an ni Belle Mare àti Île aux Cerfs wà, níbi tí àwọn pápá tó lókìkí pọ̀ sí. Lọ́jọ́ kan níbẹ̀, ibi tí mo ti máa ń lo ọ̀pá iron 7 nílé, iron 5 tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ jìnnà jù ú lọ ni mo mú, bọ́ọ̀lù náà ò sì dé. Tí ẹ ò bá fẹ́ràn kí afẹ́fẹ́ máa bá yín du bọ́ọ̀lù, ẹ gbé ní àríwá, lẹ́bàá Mont Choisy, tàbí ní ìwọ̀ oòrùn ní Tamarin, níbi tí òkè ti ń dí afẹ́fẹ́ náà. Ẹ lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti wakọ̀ lọ sí ìhà kejì. Erékùṣù náà ò tóbi.

Níbi tí òkun ti kan pápá

Tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé gọ́ọ̀fù nìkan ni òun ń bá lọ, pé kò sí ìyàwó, kò sí ọmọ, mi ò ní jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ kí n tó sọ pé Casa de Campo.

Lẹ́bàá ìlú La Romana ni Casa de Campo wà, ní gúúsù ìlà oòrùn Dominican Republic, lórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ ṣúgà. Pápá tó sọ ibẹ̀ di ìlú mọ̀ọ́ká ni Teeth of the Dog, tí Pete Dye yà, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1971. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú náà ló sọ ọ́ lórúkọ. Òkúta etíkun níbẹ̀ jẹ́ òkúta iyùn, ìbátan iyùn tí à ń so sọ́rùn, ṣùgbọ́n ṣóńṣó rẹ̀ mú bí eyín ajá. Diente de perro ni wọ́n ń pè é lédè Sípéènì. Nígbà tí wọ́n ń ṣe pápá náà, òòlù àti ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi fọ́ òkúta yẹn, wọ́n sì ń fi kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà kó erùpẹ̀ wá bò ó kí koríko tó lè hù. Ihò méje ló wà létí omi gẹ́lẹ́: ìkarùn-ún sí ìkẹjọ, àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún sí ìkẹtàdínlógún. Nígbà àlọ, ọwọ́ òsì yín ni òkun wà. Nígbà àbọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni.

Ihò karùn-ún ni mo fẹ́ sọ. Par 3 ni, ìyẹn ihò tí a retí kí ènìyàn gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹta parí, kò gùn rárá. Ẹ dúró, ìgbì ń fọ́ mọ́ òkúta nísàlẹ̀, ó ń ta omi iyọ̀ sí yín lẹ́sẹ̀, green náà, koríko kúkurú tí ihò wà nínú rẹ̀, sì jókòó sórí ṣóńṣó ilẹ̀ kékeré kan níwájú. Kádì mi, ẹni tó ń bá mi gbé àpò, jẹ́ bàbá kan tó ti ń rìn lórí pápá yẹn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó na ìka sí ojú òkun. Mo rò pé àsíá ló fẹ́ fi hàn mí tí ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Mo tọ́ka sí àsíá. Ó mi orí, ó tún na ìka sí ojú òkun. Ọkàn mi kò gbà kí n dojú bọ́ọ̀lù kọ omi, ni mo bá gbá a tààrà sí àsíá. Afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun bọ̀ gbé e, ó sì gbé e lọ jìnnà sí ọ̀tún, ó di inú kòtò iyanrìn. Bàbá náà ò sọ nǹkan kan. Ó mú bọ́ọ̀lù mìíràn jáde nínú àpò, ó gbé e sílẹ̀ fún mi, ó tún na ìka sí ojú òkun. Mo gbọ́ràn. Bọ́ọ̀lù náà jáde lọ sórí omi, ó dúró díẹ̀ lójú ọ̀run, ó wá yí padà wálé, ó bọ́ sórí green bí ẹyẹ tó mọ ìtẹ́ rẹ̀. Ẹ sanwó kádì níbẹ̀. Ẹ má ṣe rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrìn bíi wákàtí kan sí ìlà oòrùn ni Punta Cana, tí òun náà ní tirẹ̀. Corales, tí Tom Fazio yà, tí wọ́n ṣí ní 2010, ni ìdíje PGA Tour, ti àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, ti ń wáyé láti 2018. Ihò mẹ́ta tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Codo del Diablo, ìgúnpá Sàtánì. Mi ò pè é ní ìgúnpá Èṣù, nítorí Èṣù wa kì í ṣe Sàtánì, ẹnikẹ́ni tó bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò sọ òótọ́. Nídìí ihò kejìdínlógún, ẹ̀yin àti green wà ní òdìkejì ara yín, òkun ló ti wọlé sí àárín, àfi kí ẹ gbá a kọjá. Ní Cap Cana tó wà nítòsí, Punta Espada ni Jack Nicklaus yà ní 2006, ihò mẹ́jọ nínú rẹ̀ ló sì ń bá òkun rìn. Tí a bá ka iye ihò tó kan omi, òun ló ju àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, Teeth of the Dog ni mo tún máa padà sí kí n tó padà sí ibòmíràn.

Òkun ti Mauritius yàtọ̀. Òkúta iyùn fẹ́rẹ̀ẹ́ yí erékùṣù náà ká tán bí ọgbà, ìgbì ńlá ń kú sí ibẹ̀, omi tó kù sí ìhà ilẹ̀ wá dà bí ọ̀sà: ó mọ́, ó parọ́rọ́, ìdúró ènìyàn dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi púpọ̀. Nítorí náà, ẹ kì í gbọ́ ariwo ìgbì bíi ti La Romana. Ohun tí ẹ óò rí ni àwọ̀ omi.

Île aux Cerfs ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Bernhard Langer, ará Jámánì tó gba ife Masters lẹ́ẹ̀mejì, ló yà á, wọ́n sì ṣí i ní 2003. Erékùṣù kékeré ni, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé yín lọ. Ẹ gbé báàgì yín sínú ọkọ̀, ẹ jókòó tì í, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ti bọ́ sílẹ̀ sí ihò kìíní. Gbogbo ihò 18 ni ẹ ti lè rí òkun. Mo fẹ́ràn àárọ̀ yẹn dọ́ba. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé pápá náà há: igi mangrove lápá kan, omi lápá kejì, àwọn adágún láàárín, ibi tí ẹ ó sì gbá bọ́ọ̀lù sí kò fẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gọ́ọ̀fù á fi ọjọ́ náà wá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀, inú á sì bí i. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, pápá Links ní Constance Belle Mare Plage ló tẹ́ ẹ lọ́rùn jù, ó láyè. Pápá Legend tó wà níbẹ̀ náà, tí Hugh Baiocchi yà ní 1994, ló dàgbà jù nínú àwọn ti òtẹ́ẹ̀lì yìí, inú igbó ni wọ́n sì gé e sí. Àgbọ̀nrín máa ń kọjá lójú yín.

Ní gúúsù, Heritage ní Bel Ombre ni ìdíje Mauritius Open ti bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Pápá àkọ́kọ́ wọn, Le Château, ti 2004, wà láàárín òkè àti oko ìrèké àtijọ́. Wọ́n wá fi èkejì kún un ní 2023, La Réserve, tí Peter Matkovich àti Louis Oosthuizen jọ yà, tó ń wo òkun láti orí òkè.

Mo gbọ́dọ̀ dárúkọ pápá Paradis náà, ní Le Morne, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ló le jù. Òkè Le Morne Brabant dúró gàgàrà lórí pápá náà. Orí òkè yẹn ni àwọn ẹrú tó sá kúrò nínú oko ń sá pamọ́ sí, Áfíríkà sì ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá. UNESCO fi í sára ogún àgbáyé ní 2008. Mo gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀, mo sì dúró wò ó pẹ́ kí n tó lọ sí ihò tó kàn. Àwa tó ń lọ síbẹ̀ láti Áfíríkà, ẹ jẹ́ ká máa gòkè náà lọ, kó má jẹ́ pé pápá nìkan la mọ̀.

Koríko tí ẹsẹ̀ wa ò mọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó kọ́ gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà láyé àtijọ́, orí browns la ti kọ́ ọ: iyanrìn tí wọ́n fi epo pò, tí wọ́n sì tẹ́ pẹrẹsẹ yí ihò ká. Bọ́ọ̀lù ń yí tààrà níbẹ̀. Ní etíkun olóoru wọ̀nyí, koríko paspalum ló pọ̀, nítorí kì í kú bí wọ́n bá fi omi tó ní iyọ̀ díẹ̀ bomi rin ín. Bọ́ọ̀lù máa ń jókòó sókè lórí rẹ̀ lójú fairway, ìyẹn ọ̀nà koríko tó lọ sí green, ó rọrùn láti gbá. Lórí green, ó máa ń fà bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, pàápàá láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà. Ẹ lọ síbi ìdánrawò fún ìdajì wákàtí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó ń gba ènìyàn là.

Ẹni tí kì í gbá gọ́ọ̀fù ńkọ́?

Níbí ni Mauritius ti borí, kò sì sún mọ́ra rárá. Ọ̀sà tó parọ́rọ́ yẹn, ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣeré nínú rẹ̀ kí ọkàn ìyá rẹ̀ má fò. Ọjà wà ní Port Louis, ilẹ̀ aláwọ̀ méje wà ní Chamarel, dholl puri tó gbóná sì wà lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń fi ẹ̀wà àti ata sínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sọ Kíríọ́ọ̀lù àti Faransé láàárín ara wọn, wọ́n á sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn. Ọkọ mi ti fẹ́ràn ibẹ̀ débi pé òun ló ń bi mí ìgbà tí a máa padà lọ.

Casa de Campo ní abúlé Altos de Chavón, tí wọ́n fi òkúta kọ́ bí ìlú Yúróòpù ayé àtijọ́ lókè odò, pẹ̀lú gbàgede ìṣeré tí Frank Sinatra ṣí ní 1982. Ó lẹ́wà, ọjọ́ kan sì tó o. Etíkun òtẹ́ẹ̀lì náà, Minitas, kéré. Tí ẹni tó bá yín lọ bá fẹ́ iyanrìn funfun tó gùn, Punta Cana ni kí ẹ gbé, níbi tí òtẹ́ẹ̀lì tó ń gba owó oúnjẹ àti ọtí pọ̀ mọ́ ti yàrá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n koríko òkun tí wọ́n ń pè ní sargassum máa ń wọ́ wá sí etíkun yẹn, pàápàá láàárín oṣù Kẹrin sí Kẹjọ. Tó bá pọ̀, ó ń rùn. Oúnjẹ wọn ò ní ṣe àjèjì sí yín: ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí wọ́n sè tí wọ́n sì gún, mangú, ni wọ́n fi ń jí lówùúrọ̀.

Barbados

Barbados rọrùn fún àwọn tó wà ní London, nítorí ọkọ̀ òfuurufú ń lọ tààrà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, dọ́là Barbados méjì sì ni dọ́là Amẹ́ríkà kan láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní pápá tó dáńgájíá: ní Sandy Lane, Country Club ti gba àlejò ìdíje World Cup ti gọ́ọ̀fù ní 2006, Green Monkey sì wà nínú ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀, àwọn tó bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì àti ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló sì wà fún. Tom Fazio ló yà méjèèjì. Àmọ́ orí òkè ni wọ́n wà. Ẹ ó rí òkun, ẹ ò ní gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ pé ìyókù ẹbí ló ṣe pàtàkì jù, tí gọ́ọ̀fù kàn jẹ́ ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀, ẹ lọ.

Ọ̀nà àti owó

Láti Èkó, Mauritius ló sún mọ́ jù. Johannesburg, Nairobi tàbí Dubai ni ọ̀pọ̀ ń gbà. Aago wọn fi wákàtí 3 ṣíwájú tiwa, ara kì í pẹ́ bá a mu. Láti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yí padà: New York sí Punta Cana kò ju bíi wákàtí 4 lọ, nígbà tí Mauritius máa gba odindi ọjọ́ kan lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ sí Dominican Republic gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nípa ibi tí yóò ti pààrọ̀ ọkọ̀. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, físà Amẹ́ríkà pọn dandan bó bá tilẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì lẹ máa lò níbẹ̀. Ẹ bi ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì mú yẹ́lò káàdì dání.

Ní ti owó, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pé "gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀" tàn yín. Oúnjẹ àti ọtí ni wọ́n sábà ń sọ. Owó pápá, owó kẹ̀kẹ́ gọ́ọ̀fù, owó kádì àti ohun tí ẹ ó fún kádì lọ́wọ́ lè wà lọ́tọ̀, tí wọ́n bá sì pa pọ̀, wọ́n lè ju owó yàrá lọ. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan máa ń yọ owó pápá fún ẹni tó bá sùn lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ tí kẹ̀kẹ́ ṣì máa jẹ́ sísan.

Ẹ kọ ímeèlì sí wọn kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí wọ́n sì fi ìwé dá yín lóhùn. Ẹ bi wọ́n pé ihò mélòó ló kan omi, kì í ṣe mélòó ló ń rí i. Ẹ bi wọ́n ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ ń lò láti yàrá dé ihò kìíní. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa lu green ní ihò wẹ́wẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè dé gbòǹgbò koríko, nítorí fún ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, bọ́ọ̀lù kì í yí rere níbẹ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún ẹni tí kò bèèrè.